Ọwọ́ tí ń Dé Ilé láti Ọ̀nà Jíjìn

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lónìí. Bí ènìyàn bá wà ní ìlú kan, tí iṣẹ́ kan sì ń dúró dè é ní ilé rẹ̀ ní ìlú mìíràn, báwo ni ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣe dé ibẹ̀? Láti Ọ̀yọ́ dé Ogbómọ̀ṣọ́, ó lé díẹ̀ ní 50 kìlómítà. Lójú ẹni tí ń wò ó lórí àwòrán ilẹ̀, kò jìn rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn arìnrìn-àjò fi ké rora nítorí kòtò àti jàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà yìí, ọ̀pọ̀ ilé ni ó sì ti ṣọ̀fọ̀ nítorí rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni ó yẹ kí ènìyàn torí rẹ̀ wọ ọkọ̀.

Ní ayé òde òní, ọmọ lè jókòó sí Ogbómọ̀ṣọ́ kí ó máa tún kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀ ṣe ní Ọ̀yọ́. Bàbá yóò máa wo ojú ẹ̀rọ náà, yóò sì rí i tí ọfà kékeré ojú rẹ̀ ń rìn síhìn-ín sọ́hùn-ún láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe iwin, kì í sì í ṣe oògùn. Ìtàn gígùn ni ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, àwa Yorùbá sì ní ìpín tiwa nínú ìtàn náà.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ní ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé ní láti dáhùn ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní: ọ̀nà wo ni iṣẹ́ tí ó rán yóò gbà dé ibẹ̀? Èkejì: báwo ni onílé yóò ṣe mọ̀ pé ẹni tí ó dé yìí, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó dárúkọ ni ó ti wá lóòótọ́? Ẹ̀kẹta: nígbà tí iṣẹ́ bá parí, báwo ni àlejò yóò ṣe jáde? Ẹ fi àwọn mẹ́ta yìí sọ́kàn, nítorí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ rọ̀ mọ́ wọn.

Ìlàrí, Àrokò àti Àjẹlẹ̀

Ní ayé Ọ̀yọ́-Ilé, kí ìlú náà tó tú ní nǹkan bí ọdún 1835, àti ní Ọ̀yọ́ tí Aláàfin Àtìbà sọ di olú-ìlú lẹ́yìn náà, Aláàfin kì í ṣe ẹni tí í jáde kiri. Ààfin ni ó ń gbé. Síbẹ̀ àṣẹ rẹ̀ ń dé àwọn ìlú tí ó jìnnà réré. Àwọn ìlàrí ni ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn náà ni ẹnu rẹ̀.

Báwo ni baálẹ̀ ìlú tí ó jìnnà ṣe ń mọ̀ pé ìlàrí ọba ni ó dúró níwájú òun, kì í ṣe ẹlẹ́tàn? Orí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò. Wọ́n ń fá apá kan orí ìlàrí, wọ́n sì ń dá apá kejì sí, láti inú èyí ni a sì ti gbọ́ pé orúkọ wọn ti wá. Ìlàrí kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ oyè tí ọba fún un, orúkọ náà fúnra rẹ̀ sì ń sọ nǹkan kan nípa èrò ọba. Ẹ rí i pé àmì ni ó kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀, kí ẹnu tó sọ̀rọ̀.

Àwọn ará ilé lásán kò ní ìlàrí. Àrokò ni tiwọn. Ẹni tí ó bá di owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ pé ọkàn òun fà sí i, nítorí ẹ̀fà ni iye owó náà. Bí ọ̀rẹ́ náà bá di ẹyọ mẹ́jọ padà, ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn jọ, nítorí ẹ̀jọ ni. Ẹni tí ń gbé e lọ lè má mọ ohun tí ó gbé lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì tí ọ̀rọ̀ kàn nìkan ni ó yé. Ẹ má gbàgbé èyí, a ó padà sórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kẹta ni ó dá ìjà sílẹ̀. Ìlàrí a máa jẹ́ iṣẹ́, a sì máa padà sílé. Àjẹlẹ̀ kì í padà. Ó ń gbé ìlú onílùú ni, láti máa fi ojú ọba wo ohun tí ń lọ níbẹ̀. Nígbà tí ó pẹ́, àwọn kan nínú àwọn aṣojú wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára jẹ àwọn ará ìlú ní ìyà, wọ́n ń mú ohun tí ó wù wọ́n. Ní apá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, Líṣàbí kó àwọn Ẹ̀gbá jọ. Ẹgbẹ́ àáró ni ó fi bojú, bí ẹni pé iṣẹ́ oko lásán ni wọ́n ń bá ara wọn ṣe. Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n dìde pa àwọn aṣojú Aláàfin tí ń bẹ láàárín wọn, wọ́n sì bọ́ lábẹ́ Ọ̀yọ́. Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé ẹni tí ó bá fi àlejò sílé láìdá ọjọ́ tí yóò lọ fún un, onílé náà ni yóò kábàámọ̀ rẹ̀.

Lẹ́tà àti Ìwé tí ó Sọnù

Nígbà tí ìwé dé, ọ̀nà mìíràn ṣí. Thomas Jefferson Bowen, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé Ogbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Ní 1896 wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì Saint Andrew sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ láti máa kọ́ àwọn olùkọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ìwé kíkà tàn kálẹ̀. Àwọn oníṣòwò Ogbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n lọ sí Gold Coast, èyí tí a ń pè ní Ghana nísinsìnyí, wà lára àwọn tí lẹ́tà wúlò fún jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ta ọjà ní ìhà àríwá ilẹ̀ náà títí ìjọba ibẹ̀ fi pàṣẹ ní oṣù kọkànlá 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde. Bí ọkọ bá kọ̀wé sílé láti ibẹ̀, tí ìyàwó kò sì mọ ìwé, ọmọ ilé-ìwé ni wọn yóò pè kí ó wá kà á. Ọmọ kékeré ni ó ń wọ inú ọ̀rọ̀ àgbà. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tí kò lè pa ẹnu mọ́, gbogbo àdúgbò yóò gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí náà ni àwọn ìyá ṣe ń yan ọmọ tí wọn yóò pè.

Ẹ̀kọ́ mìíràn ń bẹ nínú ìtàn lẹ́tà àti ìwé. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá ní 1897. Wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù sọ́hùn-ún. Johnson kú ní 1901 láìfi ojú rí i kí a tẹ̀ ẹ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó fi àwọn ìwé àkọsílẹ̀ tí ó kù tún un kọ, tí ó fi jáde ní 1921. Ká ní àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn kò sí nílé ni, ọ̀pọ̀ nínú ìtàn tí mo ń sọ yìí ìbá ti rá. Nítorí náà, ohunkóhun tí ó bá ṣe iyebíye, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí ẹ tó jẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn kàn án.

Wáyà àti Fóònù

Ní 1886 ni wáyà abẹ́ òkun so Èkó pọ̀ mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti lè sáré ju ẹsẹ̀ àti ọkọ̀ ojú omi lọ. Ṣùgbọ́n fún mẹ̀kúnnù, wáyà jẹ́ ohun tí a ń tẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá kú tàbí tí ọ̀ràn ńlá bá ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, ìlà tẹlifóònù 18,724 péré ni ó wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè tí èrò inú rẹ̀ tó nǹkan bí 40 mílíọ̀nù. Bí ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ ó rí i pé ìlà kan wà fún ènìyàn tí ó lé ní 2,000. Ní 1985 wọ́n dá NITEL sílẹ̀, síbẹ̀ tẹlifóònù ṣì jẹ́ ti àwọn díẹ̀.

Ìgbà tí fóònù alágbèéká GSM dé ní oṣù kẹjọ 2001 ni ọ̀ràn yí padà. Láàárín ọdún díẹ̀, alágbẹ̀dẹ, alátà àti awakọ̀ ní fóònù lápò. Ohùn ti dé ilé. Ṣùgbọ́n ohùn kì í ṣe ọwọ́. Ẹni tí ó bá ń sọ fún bàbá rẹ̀ lórí fóònù pé, "Ẹ tẹ bọ́tìnnì òkè," kò rí bọ́tìnnì tí bàbá ń tẹ̀.

Bí Ọwọ́ Ṣe Tẹ̀lé Ohùn

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 1940, ọ̀gbẹ́ni George Stibitz wà níwájú àwọn onímọ̀ ìṣirò ní ìlú Hanover ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ wà ní New York. Ó tẹ ìṣirò sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, ọ̀rọ̀ náà gba wáyà tẹlifóònù lọ, ìdáhùn sì gba ojú wáyà padà wá. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ènìyàn jókòó sí ìlú kan, tí ó ń lo ẹ̀rọ ìṣirò tí ó wà ní ìlú mìíràn.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá 1969, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní yunifásítì kan ní Los Angeles gbìyànjú láti wọ inú kọ̀ǹpútà kan tí ó wà ní ọ̀dọ̀ àwọn olùwádìí Stanford. Ọ̀rọ̀ ìwọlé tí ó fẹ́ tẹ̀ ni LOGIN. Ó tẹ L, ó dé. Ó tẹ O, ó dé. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tí ó wà lọ́hùn-ún dákú. Wọ́n tún un ṣe, ó sì jẹ́ lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí kan. Ẹ̀yin tí inú ń bí nígbà tí kọ̀ǹpútà kò bá gbọ́rọ̀, ẹ rántí pé láti ọjọ́ kìíní ni ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Olè kò jìnnà sí ọjà. Ní àkókò yẹn, ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, tí àwọn ènìyàn ń pè ní páàsìwọ́ọ̀dù, ń rìn ní ìhòòhò lójú wáyà. Ẹni tí ó bá lúgọ sẹ́bàá ọ̀nà lè kà á. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀ ní yunifásítì kan ní ilẹ̀ Finland, níbi tí àwọn kan ti jí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé àwọn ẹlòmíràn. Nítorí rẹ̀ ni Tatu Ylönen fi ṣe ètò SSH ní 1995, tí ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ kí ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà má baà mọ̀ ọ́n. Ẹ ò rí i pé àrokò ni ó tún padà wá? Ẹni tí ń gbé e kò gbọdọ̀ mọ ohun tí ó gbé. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ètò tí ń fi ojú kọ̀ǹpútà hàn láti ọ̀nà jíjìn di ohun tí mẹ̀kúnnù lè lò: TeamViewer láti Jámánì ní 2005, àti Quick Assist tí Microsoft fi sínú Windows ní 2016.

Bàbá ní Ọ̀yọ́, Ọmọ ní Ogbómọ̀ṣọ́

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Bàbá jẹ́ tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì ní Ọ̀yọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Ogbómọ̀ṣọ́, ní yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990 tí wọ́n sì fi orúkọ Ládòkè Akíntọ́lá pè. Bàbá ní láti fi fọ́ọ̀mù owó ìfẹ̀yìntì ránṣẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, kọ̀ǹpútà kò sì gbà. Ọmọ fẹ́ wọ inú rẹ̀ láti Ogbómọ̀ṣọ́, kò rí ọ̀nà. Kí ni kí wọ́n ṣe?

Ọmọ pe bàbá lórí fóònù.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá mi. Ṣé iná wà?"

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un dé ni, ọmọ mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi wà lókùnkùn."

"Ẹ jọ̀wọ́, sà, ṣé dátà ṣì wà lórí fóònù tí ẹ fi ń fún kọ̀ǹpútà ní íntánẹ́ẹ̀tì?"

"Ó wà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìròyìn lórí rẹ̀."

"Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ní apá ọ̀tún. Ọjọ́ wo ni ó wà níbẹ̀?"

"Ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2015. Kí ni èyí?"

"Bàbá, ibẹ̀ ni ó wà."

Ẹ kíyè sí bí ọmọ náà ṣe tò ó: iná, lẹ́yìn náà íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó rọrùn jù lọ láti wò. Ní ti ọjọ́, bátìrì kékeré kan, rìbìtì bí bọ́tìnnì ẹ̀wù, ń bẹ nínú kọ̀ǹpútà, òun ni ó ń rántí ọjọ́ nígbà tí iná bá lọ. Bí ó bá kú, ẹ̀rọ yóò gbàgbé, yóò padà sí ọjọ́ àtijọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ibi tí kọ̀ǹpútà fẹ́ dé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń fi ìwé ẹ̀rí hàn án, tí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí wà lára rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí ó rò pé ọdún 2015 ni a wà yóò wo ìwé ẹ̀rí òde òní, yóò ní ọjọ́ rẹ̀ kò tíì tó, yóò sì tilẹ̀kùn. Kì í ṣe aláìgbọràn. Ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onílé tí ń wo orí ìlàrí dáadáa. Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ọjọ́ náà ṣe, ọ̀nà sì là.

Ẹlòmíràn lè bi mí pé, "Kí ló dé tí ọmọ kò kàn gba àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà náà lọ tààrà?" Ẹ ronú nípa agbo ilé àtijọ́. Ilé pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu-ọ̀nà kan ni ó wà. Ẹni tí ó wà nínú lè jáde nígbà tí ó bá fẹ́, àlejò tí ẹnikẹ́ni kò pè kò ní mọ yàrá tí yóò yà sí, ẹnu-ọ̀nà ni wọn yóò sì ti dá a padà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù. Àìmọye oníbàárà ni ilé-iṣẹ́ fóònù lè kó sẹ́yìn àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Nítorí náà, bàbá àti ọmọ ni yóò jáde, tí wọn yóò pàdé ní ibì kẹta, bí ẹni pé ní gárèèjì. Ibì kẹta náà ni kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tí ó ni ètò náà. Nọ́ńbà tí ọmọ kà fún bàbá lórí fóònù ni wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀ níbẹ̀. Bí a bá ṣi nọ́ńbà kan kà, wọn kò ní pàdé.

Nígbà tí wọ́n pàdé tán, ojú kọ̀ǹpútà tún dúdú lójú ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò bẹ̀rù. Ó mọ̀ pé Windows ń béèrè bóyá onílé fọwọ́ sí àtúnṣe ńlá kan, kì í sì í jẹ́ kí àlejò dáhùn ìbéèrè bẹ́ẹ̀. "Bàbá, ẹ ka ohun tí ó kọ síbẹ̀ fún mi. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ tẹ Bẹ́ẹ̀ ni." Bàbá tẹ̀ ẹ́, fọ́ọ̀mù sì lọ kí wọ́n tó tún mú iná lọ.

Nígbà mìíràn àṣìṣe kò sí ní Ọ̀yọ́, kò sì sí ní Ogbómọ̀ṣọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, wáyà mẹ́rin abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dàrú ní Nàìjíríà àti ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ẹni tí ó tú kọ̀ǹpútà rẹ̀ palẹ̀ lọ́jọ́ náà ṣe làálàá lásán ni. Kí a tó tú ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi aládùúgbò bóyá tiwọn ń ṣiṣẹ́.

Ẹni tí Ó Yẹ Kí A Ṣílẹ̀kùn Fún

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí tí ó kù dáadáa, pàápàá ẹ̀yin àgbà. Ilẹ̀kùn tí ọmọ gbà wọlé, olè lè gbà á. Àwọn kan wà tí wọn yóò pè yín, tí wọn yóò ní báńkì ni àwọn ti ń pè, tàbí ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Wọn yóò dá ìpayà sílẹ̀, wọn yóò ní kí ẹ ka nọ́ńbà kan fún àwọn kíákíá, tàbí kí ẹ gba ètò kan sórí ẹ̀rọ yín. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ènìyàn wọ inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìgba àṣẹ, ṣùgbọ́n kí òfin tó dé, owó ti lọ.

Nítorí náà, ẹ lo ìbéèrè mẹ́ta wa. Ọ̀nà wo ni ó gbà wá? Bí ẹ kò bá pè é, tí ó jẹ́ òun ni ó pè yín, ẹ pa fóònù náà, kí ẹ fúnra yín pe nọ́ńbà ọmọ yín tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ta ni ó jẹ́ ní tòótọ́? Ẹ bi í ní ohun tí ará ilé nìkan mọ̀, nítorí ohùn nìkan kò tó ẹ̀rí mọ́ ní ayé yìí tí ẹ̀rọ ti lè sín ohùn ènìyàn jẹ. Báwo ni yóò ṣe jáde? Ẹ dúró ti ẹ̀rọ náà títí iṣẹ́ yóò fi parí, ẹ ti ètò náà pa, ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tí kì í yí padà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ẹni yín. Ìlàrí ni kí ẹ gbà lálejò. Ẹ má gba àjẹlẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin ni ó ń ka lẹ́tà fún ìyá àgbà láyé àtijọ́, ẹ̀yin náà ni ó ń tún kọ̀ǹpútà bàbá ṣe lónìí. Ohun tí ẹ bá rí nínú ẹ̀rọ àgbà, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má ṣe yọ wọ́n lẹ́nu pé wọn kò mọ̀ ọ́n, nítorí àwọn ni wọ́n kọ́ yín ní a-b-d. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ rántí ìwé Johnson, ẹ ṣe ẹ̀dà. Bí ẹ bá dé ilé lálẹ́ yìí, ẹ bi àwọn àgbà yín bí wọ́n ṣe ń ránṣẹ́ sílé kí fóònù tó dé, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dìgbà kan ná.